Bàálù Inú Ẹrẹ̀ Tó Dá Mísì Stainforth Láre

                                                            Ilé Kejì, Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                                            Marlode,
                                                            Lincolnshire,
                                                            England.
                                                            9 Oṣù Kọkànlá, 2003.

Lorna, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Dunedin? Báwo ni Graeme, báwo sì ni orúnkún tuntun tí wọ́n fi sí ọ lẹ́sẹ̀? Mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ pé o ti ń fi ọ̀pá kan ṣoṣo rìn, pé o sì ti ń bú àwọn nọ́ọ̀sì. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi balẹ̀ pé ara rẹ ti ń yá. Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé Fergus ti rí iṣẹ́? Ṣé ọmọbìnrin yẹn ṣì ń fẹ́ ẹ, àbí ojú rẹ̀ ti là? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ gbogbo yín níbẹ̀. Ní tiwa, a dúpẹ́. Ikọ́ Keith ti lọ, ìráhùn rẹ̀ ló kù. Màmá mi ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń bi mí lójoojúmọ́ pé ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé. Òtútù ti dé. Ìkùukùu òkun bo gbogbo pápá láàárọ̀ yìí débi pé mi ò rí ilé àwọn Grummitt láti ojú fèrèsé ilé ìdáná mi.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí ìwé mi láti ìgbà ìkórè. Má bínú sí mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábúlé wa lóṣù Kẹsàn-án ló gbà mí lọ́wọ́. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, o rántí, àmọ́ ẹkún ni mo bú sí, ìwọ sì rò pé Keith ló kú. Nítorí náà, mo ní kí n jókòó kọ ọ́, kí n sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ṣé o rántí Mísì Stainforth? Báwo lo ṣe máa gbàgbé! Obìnrin gíga tó kọ́ àwa méjèèjì ní dùùrù ní yàrá iwájú ilé rẹ̀, tó máa ń fi pẹ́ńsù lu ìka wa tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ ṣì. Ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ Ọ̀gágun. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin báyìí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣì ń tiro bíi ti àtijọ́, síbẹ̀ ó ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ra búrẹ́dì. O mọ̀ pé kò lọ́kọ, kò bímọ, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìwọ àti èmi ṣe ń ronú nípa rẹ̀ nígbà náà, a rò pé inú yàrá iwájú yẹn ni wọ́n bí i sí, pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Lorna, wá àga, kí o jókòó. Mísì Stainforth wa yìí, awakọ̀ bàálù ni nígbà ogun.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀. O mọ ẹgbẹ́ wa, àwa tí à ń gbẹ́ ilẹ̀ wá àwọn bàálù ogun tó já lulẹ̀, tí ìwọ ń pè ní Ẹgbẹ́ Ajẹrẹ̀. Olórí wa ni Desmond Aldous, dókítà eléyín tó wà ní Spalding. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, eyín ló ń yọ. Lọ́jọ́ Sátidé, irin ló ń yọ nínú ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń sọ fún méjèèjì: "Ẹ fara balẹ̀, kò ní dùn yín."

Nígbà tí òtútù ọdún yìí ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn kan tó ń ya fíìmù fún tẹlifíṣàn wá bá Desmond. Wọ́n fẹ́ ya àwọn bàálù tó rì sínú ilẹ̀ ẹrẹ̀ wa níhìn-ín, kí ayé lè rí i bí a ṣe ń hú wọn jáde. Wọ́n yan ọ̀kan tó wà nínú oko àlìkámà Neville Grummitt, lápá ìdènà òkun. Bàálù ogun tí wọ́n ń pè ní Hurricane ni. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé ó já ní oṣù Kẹta ọdún 1943, pé awakọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láàyè, àti pé àìbìkítà awakọ̀ náà ló fà á. Ìjọba fún wa láyè láti gbẹ́ ẹ nítorí pé kò sí òkú kankan níbẹ̀. Orúkọ awakọ̀ náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa.

Ọ̀gá àwọn tó ń ya fíìmù náà ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tamsin Oakeley. Ó já fáfá, ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn, àmọ́ kó tó dé Marlode rárá ló ti mọ bí ìtàn náà ṣe máa parí. Ó ti fún un lórúkọ pàápàá: "Awakọ̀ Tó Gbàgbé Epo."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóṣù Kẹfà, mo gbé ẹ̀wà tútù láti inú ọgbà mi lọ fún Mísì Stainforth. Ó ní kí n jókòó mu tíì. Nítorí pé mi ò mọ ohun tí à á sọ, mo ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa fún un, pé a máa gbẹ́ oko Neville lẹ́yìn ìkórè, lẹ́bàá àwọn igi pọ́pílà. Ó ń bu tíì, kò gbójú sókè.

"Ibẹ̀ kọ́ ló wà," ló wí.

"Kí ni kò sí níbẹ̀, Mísì Stainforth?"

"Bàálù náà. Ibi tí kòtò omi ti ṣẹ́ kọ́rọ́, nítòsí ìdènà òkun, ibẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo wà lókè, mò ń wò ó bó ṣe ń wọlẹ̀ lọ. Èmi ni mo wà á wá." Ó ti ìgò ṣúgà sọ́dọ̀ mi. "Mu tíì rẹ, kó má tutù."

Lorna, mi ò mọ bí mo ṣe mu tíì yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, obìnrin tí kò sọ ju "ẹ káàárọ̀" fún ẹnikẹ́ni látìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ó wà lára àwọn obìnrin tí wọ́n ń wa bàálù tuntun láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n lọ fún àwọn ọmọ ogun. Wọn kì í jà, wọn kì í gbé ìbọn, kí bàálù délé láyọ̀ ni iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ náà, ó ń bọ̀ lókè Marlode nígbà tí ọ́ìlì dúdú ta sí gbogbo gíláàsì iwájú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ó dún gbàà, ó sì dákẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ilé ìwé wa wà, àwọn ọmọdé wà ní kíláàsì. Ó ní òun ń rí aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìn ilé olùkọ́. Ó yí imú bàálù náà sí òkun, ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ó fi kọjá abúlé, lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi páráṣúùtì bọ́ sílẹ̀. Ìdènà òkun ló já lé, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ìyá àgbà Neville ló fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e dé ilé ìdáná wọn.

Ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Bàálù náà ti wọnú ilẹ̀ jìn, kò sẹ́ni tó ráyè gbẹ́ ẹ lásìkò ogun, nítorí náà ẹnu ni wọ́n fi dájọ́. Wọ́n ní epo inú àgbá ńlá ló tán, pé ó gbàgbé láti yí ọwọ́ irin tó ń darí epo sí àgbá kékeré. Ó ní epo wà nínú àgbá ńlá. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ló gbà á lọ́kàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kó má wa bàálù ìjọba mọ́. Bàbá rẹ̀, tó ti ń fi í yangàn káàkiri ìlú, yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Mo bi í pé kí ló dé tó wá ń gbé Marlode, níbi tí ìyà ti jẹ ẹ́.

"Ẹlẹ́rìí mi kan ṣoṣo ló wà nínú oko yẹn," ló wí. "Mi ò fẹ́ jìnnà sí i."

Mo ní, "Ẹ ó sì jẹ́ kí a gbẹ́ ẹ?"

Ó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀. "Hazel, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí, mo ti tún un rò, débi pé mi ò dá ara mi lójú mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo mọ̀ dájú pé epo wà. Lọ́jọ́ kejì, mo máa ń rí ọwọ́ mi tí kò yí nǹkan kan. Ẹ gbẹ́ ẹ. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo gbàgbé, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Mo ti dàgbà tó láti gbọ́ ọ."

Nígbà tí Desmond gbọ́, ó jókòó sórí àga tó fi ń yọ eyín fún ènìyàn. Tamsin ní tiẹ̀ ń fò sókè. Awakọ̀ náà wà láàyè! Obìnrin ni! Àmọ́ kò yí ìparí ìtàn rẹ̀ padà. Mo gbọ́ tó ń sọ lórí fóònù pé ìyá arúgbó máa dúró létí kòtò, á sunkún nítorí àṣìṣe ìgbà èwe rẹ̀, gbogbo àwọn tó bá ń wò ó á sì bá a sunkún. Inú bí mi débi pé mo lọ fọ àwọn ọkọ́ tí kò dọ̀tí.

Tamsin tún mú ọkùnrin kan wá, Rupert Hensall, ẹni tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe fún iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìntì. Òun ló máa sọ lójú kámẹ́rà ohun tí irin tí a bá hú jáde túmọ̀ sí. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ó gbà pé àwọn tó dájọ́ nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó lọ kí Mísì Stainforth létí oko láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa bẹ̀rẹ̀, ó tẹrí ba, ó ní, "Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọkàn sí i jù. Irú àṣìṣe yẹn wọ́pọ̀ gan-an láyé ìgbà náà."

Ìyá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé o ti já lẹ́nu ọmú nígbà tí mò ń wa bàálù?"

Neville bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di katakata rẹ̀ mú.

Neville fúnra rẹ̀ ló wa katakata náà. Ó ní kò sẹ́lòmíràn tó máa fi irin kan ilẹ̀ bàbá òun. Lẹ́bàá àwọn pọ́pílà la kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni bàbá Neville máa ń tọ́ka sí fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í. Àfọ́kù wẹ́wẹ́ la rí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a gbé e dé ibi tí kòtò omi ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ẹ̀rọ náà figbe ta bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Desmond wò mí, mo wò ó. Mísì Stainforth jókòó sórí àga rẹ̀ létí oko, ó ń ṣí búrẹ́dì àti wàràkàṣì tó dì wá, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Orí ilẹ̀ gbẹ, ó dára. Amọ̀ pupa tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé amọ̀ aláwọ̀ búlúù, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ara kòtò omi. A gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi sí i, ó fà á, omi tún wá. Òjò bẹ̀rẹ̀. Apá kan ògiri ihò náà ya lulẹ̀, ẹrẹ̀ sì gbé Desmond mì dé itan. Ó ń jà, ó ń rì sí i.

Neville yọjú látorí katakata. "Dókítà, ẹ fara balẹ̀. Kò ní dùn yín."

Okùn la fi fà á yọ. Bàtà rọ́bà rẹ̀ kan ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. Tamsin wo òfuurufú, ó wo ihò tó ń ya, ó wá bá mi. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí ilẹ̀ má lọ ya lu ènìyàn, pé ohun tí wọ́n ti yà tó, wọ́n lè parí ìyókù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń sọ. Mo ní kó lọ sọ ọ́ fún ìyá náà fúnra rẹ̀. Ó lọ lóòótọ́, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, lábẹ́ agboòrùn. Mi ò gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Mo gbọ́ tí ọmọ náà bi í pé ṣé ẹ̀rù kò bà á lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́.

"Àyè ẹ̀rù dà?" ni Mísì Stainforth wí. "Ọwọ́ mi dí. Ọwọ́ ìwọ náà ò sì yẹ kó dilẹ̀ lónìí."

Tamsin dìde. Ó nu orúnkún rẹ̀, ó sì figbe ta sí àwọn tó ń gbé kámẹ́rà pé ta ló ní kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́. Látìgbà náà ni mo ti fẹ́ràn ọmọ yẹn. Neville fi katakata gé etí ihò náà kó fẹ̀, kó má lè ya mọ́, a sì tẹ̀ síwájú.

Nǹkan bí ọ̀sán, Neville pa katakata lójijì. Ó gbé imú sókè. Lẹ́yìn náà ló yọ sìgá kúrò lẹ́nu, ó jù ú sínú kòtò omi bí ẹni ju ejò.

"Ẹ̀yin ènìyàn," ló wí, "ṣé ẹ̀ ń gbọ́ òórùn tí mò ń gbọ́?"

Gbogbo wa gbé imú sókè bíi tirẹ̀. Òjò nìkan là ń gbọ́. Àfi bí òórùn náà ṣe gòkè wá láti inú amọ̀ búlúù yẹn, Lorna, tó mú gan-an, bí ìgbà tí ènìyàn bá dúró níbi tí wọ́n ti ń rọ epo sí mọ́tò. Bẹntiróòlù! Ọgọ́ta ọdún lábẹ́ ilẹ̀, àmọ́ kò tíì kú. Desmond fi ọwọ́ ha ẹrẹ̀ náà kúrò, irin kan tó ti rún bí ìwé yọ, omi tó ń jò láti ara rẹ̀ sì ń tàn pupa, ó ń tàn búlúù, ó ń tàn bí òṣùmàrè.

Hensall kò dúró kí wọ́n gbé àkàbà wá. Ó fi ìdí yọ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kóòtù dáadáa tó wọ̀. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tẹ ara irin náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Àgbá ńlá nìyí. Èyí tí wọ́n ní epo tán nínú rẹ̀ gan-an ni."

Mo sáré lọ bá Mísì Stainforth, mo fẹ́ẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Epo ni! Epo wà nínú rẹ̀!"

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo ti gbóòórùn rẹ̀ ṣáájú gbogbo yín." Ó fẹ́ bu tíì sínú kọ́ọ̀pù rẹ̀, àmọ́ kò rí i ṣe, èmi ni mo bá a bù ú.

Síbẹ̀, Hensall kò jẹ́ ká tíì yọ̀. Ó ní epo wà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ jiyàn á ní kí ló wá dá ẹ́ńjìnnì dúró. Àfi ká rí ẹ́ńjìnnì náà. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, àmọ́ ojú mi kò kúrò lára ìyá náà nígbà tó ń sọ ọ́. Ó kàn mi orí. Ó ní, "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi gbé e jáde."

Ọjọ́ kejì ni a rí i. Gbogbo abúlé ti gbọ́ nígbà yẹn. Wọ́n tò sẹ́yìn okùn tí a ta, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tí pẹ́ńsù Mísì Stainforth ti bà níka rí. Neville fi ẹ̀wọ̀n irin gbé ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ kò fẹ́ fi í sílẹ̀, ó ń fà á padà, ó ń dún bí ẹni ń fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó jáde, ó tóbi, ó dúdú, ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀. A gbé e sórí pákó, a sì tú omi sí i. Èmi ni mo di rọ́bà omi mú. Bí ẹrẹ̀ ṣe ń ṣí kúrò lápá òsì rẹ̀, mo rí ihò kan tí ọwọ́ mi lè wọ̀. Ọ̀pá irin kan tó ti ṣẹ́ yọrí jáde níbẹ̀.

Hensall ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó tan iná sínú ihò náà, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí kámẹ́rà, ó sì ṣàlàyé lọ́nà tó fi yé èmi tí mi ò mọ ẹ́ńjìnnì. Ó ní bó bá jẹ́ ilẹ̀ ló lu ẹ́ńjìnnì náà, etí ihò náà á tẹ̀ wọnú. Àmọ́ síta ni gbogbo rẹ̀ là sí, bí òdòdó. Ọ̀pá inú rẹ̀ ló ṣẹ́ nígbà tó ṣì ń yí lójú òfuurufú, tó lu ògiri já. Kódà, lẹ́yìn tó ṣẹ́, ó ṣì ń yí, ó sì ti fá ara irin yípo débi pé ojú ibẹ̀ ń dán. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ló gbabẹ̀ jáde, òun ló sì bo gíláàsì awakọ̀.

Ó dìde. Ẹrẹ̀ ti bò ó dé àyà. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó rìn lọ síwájú àga Mísì Stainforth, ó sì dúró gbagidi bí ọmọ ogun.

"Mísì Stainforth," ló wí, "ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì yìí kú lókè. Kò sí awakọ̀ kankan láyé tó lè mú un délé."

Ìyá náà gbé ọwọ́ sétí. "Sọ ọ́ sókè. Etí mi ti di."

Ó tún un sọ, ó pariwo díẹ̀.

"Sókè sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn okùn ò gbọ́."

Hensall mí kanlẹ̀, ó kígbe rẹ̀ débi pé àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí pọ́pílà. Lorna, mo mọ obìnrin yẹn. Ó ti gbọ́ ọ láti ìgbà àkọ́kọ́.

Ìgbà náà ló dìde. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Ó tiro lọ síbi ẹ́ńjìnnì náà, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ti ọwọ́ bọ inú ihò yẹn títí dé ọrùn ọwọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn okùn, lẹ́yìn náà gbogbo wọn, lẹ́yìn náà ni Neville gun orí katakata rẹ̀ tó ń fun fèrè rẹ̀ bí ẹni orí rẹ̀ dàrú. Desmond ń sunkún, ó ní òjò ni. Tamsin ń sunkún, kò tilẹ̀ purọ́ pé òjò ni, gbogbo ohun tó kùn sójú ti ṣàn dé àgbọ̀n. Ó gbé gbohùngbohùn sún mọ́ ìyá náà, ó ní, "Màmá, báwo ló ṣe rí lára yín báyìí?"

"Ebi ń pa mí," ni Mísì Stainforth wí.

Nítorí náà, ilé ọtí la gbà lọ, gbogbo abúlé, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Ó jẹ ẹja àti ọ̀dùnkún díndín tó pọ̀ ju ti Neville lọ, ó mu ọtí dúdú, ó sì tún ní kí wọ́n rọ òmíràn. Nígbà tó yá, ó lọ jókòó sídìí dùùrù àlòkù tó wà ní kọ̀rọ̀, ó sì ta orin ijó àwọn ọmọ ogun, irú àwọn orin rádaràda tó sọ fún wa pé ó máa ba ìka wa jẹ́! Hensall ni ó bá jó lẹ́yìn náà. Ìyá náà ń tiro, Hensall kò mọ̀ ọ́n jó, wọ́n jọra wọn gan-an.

Ó máa wù ọ́ láti mọ bóyá ẹnikẹ́ni ti wá tọrọ àforíjì. Rárá o. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn ti kú tipẹ́. Mo sọ fún un pé inú ń bí mi sí i. Ó ní kí n má fi ìbínú mi ṣòfò lórí òkú, pé òun ti ń sùn dáadáa. Tamsin ti fa orúkọ àtijọ́ tó fún fíìmù rẹ̀ ya, ó sì tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá láti fi han Mísì Stainforth kó tó fi han ẹnikẹ́ni. Ìyá náà wò ó tán, ó ní ó dára, àmọ́ pé wọ́n fi orin sí i jù.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyí. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́bàá Boston, ìlú tó wà nítòsí wa níbí, ló gba ẹ́ńjìnnì náà. Lánàá ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan láti fi sí iwájú rẹ̀: ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ epo, ọ̀rọ̀ bí a ṣe gbẹ́ ẹ. Ó kà á fún Mísì Stainforth létí, ó ní ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyá náà gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa igi lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó sì kọ gbólóhùn tirẹ̀ sísàlẹ̀. Òun ni wọ́n fín sára idẹ. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo kà á títí ojú mi fi ṣú:

"Ẹ́ńjìnnì ló kú lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń wà á kò ṣẹ̀. Averil Stainforth ni orúkọ rẹ̀."

Bá mi kí Graeme, kí o fi ọwọ́ kan orí àwọn ìbejì fún mi, bí wọ́n tilẹ̀ ga jù mí lọ. Keith kí ọ, màmá mi kí ọ, Neville ní kí n sọ fún ọ pé òun ò tíì gbàgbé pé ìwọ lo jí èso àpù wọn. Tọ́jú orúnkún yẹn, kí o sì gbọ́ràn sí àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́nu.

Èmi ni tìrẹ, pẹ̀lú ayọ̀ lọ́kàn àti ẹrẹ̀ lábẹ́ èékánná,

Hazel.